Kílò Kò Mọ Èènì

Ìbà,
ọ̀sán Sátidé, lẹ́yìn òjò.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ìyá ọkọ rẹ. Má fo tiwọn nínú ìkíni yìí o. Bí o bá ka lẹ́tà yìí tán, lọ bá wọn níbi tí wọ́n bá jókòó sí, kí o kúnlẹ̀, kí o sọ pé mo kí wọn.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí mo fi kọ̀wé dípò kí n pè ọ́. Ohùn tí o gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ti gbọ́ ọ tó ìgbà mẹ́jọ. Inú ariwo Ìyànà Ìbà ni mo wà nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mo fi ìka di etí kejì kí n lè gbọ́. O ní, "Mọ́mì, màmá Kọ́lápọ̀ ti gbé síkéèlì tí mo fi ń wọn ọjà wa sórí kọ́bọ́ọ̀dù o. Wọ́n ní òun ló ń lé oníbàárà. Kọ́lápọ̀ kàn ń wò ni, kò sọ nǹkan kan. Ó ti sú mi. Mà á kó ẹrù mi, mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín ní Ìbà. Ẹ ṣáà bá mi wá àyè sí yàrá yín."

Bí mo bá pè ọ́, ohùn mi á ti dá ọ lóhùn kí ọgbọ́n mi tó dé. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Ráfíátù, ọmọ kíláàsì wa kan tí ilé wọn wà ní Ìwó lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, ń lọ kí àwọn òbí rẹ̀ lọ́la. Òun ni yóò fi ìwé yìí lé ọ lọ́wọ́. Fún un lómi mu.

O mọ̀ pé èmi kì í ṣe ẹlẹ́nu púpọ̀ tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti dé apá Ọ̀jọ́ yìí, èyí tí mo ní náà ti dín kù. Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta wọ yunifásítì pẹ̀lú àwọn tó lè bí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo wọ ìró àti búbà aláwọ̀ ewé tí o mọ̀ yẹn, mo gbé báàgì dání, mo wọlé. Gbogbo kíláàsì dìde lẹ́ẹ̀kan náà: "Ẹ káàárọ̀, mà!" Wọ́n ṣebí èmi ni olùkọ́. Ojú tì mí débi pé n kò lè sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni èmi náà. Mo dúró síwájú, mo ń tú inú báàgì bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́, títí olùkọ́ gan-an fi wọlé tó ní, "Mọ́mì, ta lẹ wá rí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín wọn kò burú, àmọ́ láti ọjọ́ náà kò sẹ́ni tó ń jókòó sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń bù fún mi. Ọ̀wọ̀ lè mú kí ènìyàn dá wà, ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún mi rí.

Nínú ilé tí mo gba yàrá sí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù máa ń yí rédíò wọn sílẹ̀ bí mo bá ń kọjá. "Ẹ kú ilé, Mọ́mì." Ó parí. Mo máa ń gbọ́ wọn lẹ́yìn ògiri, mo sì ti mọ ẹ̀rín olúkúlùkù wọn sọ́tọ̀. Wọn kò mọ tèmi.

Kì í ṣe kí o lè káàánú mi ni mo ṣe ń sọ èyí. Mo fẹ́ kí o mọ irú ẹni tó ń gbà ọ́ nímọ̀ràn ni. Wàá rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Èkíní: má ṣe fi kóńgò tí wọ́n fi ń wọn ọjà bú ìyá ọkọ rẹ. Ohun kan wà tí n kò sọ fún ọ rí, bàbá rẹ kú láìgbọ́ ọ.

Ọdún kejì tí mo dé ilé wọn ní Ìfọ̀, ìlú le bíi ti ìsinsìnyí. Èmi àti ìyá bàbá rẹ ń ta gààrí ní ojúde, owó tí a fi ra àpò kan lónìí kò ní ra á mọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo rò pé mo gbọ́n. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n lọ sóko, mo da kóńgò dojú bolẹ̀, mo fi ọmọ ọlọ lu ìdí rẹ̀ títí ó fi wọ inú. Bí o bá wò ó lókè, kóńgò ni. Bí gààrí bá sì ti wà nínú rẹ̀, ta ló fẹ́ mọ̀? Mo tún ń ṣe orí rẹ̀ ní ṣóńṣó kí ó lè kún oníbàárà lójú. Orí ń fúnni, ìdí ń jalè.

Ìyá àgbà kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìyá Olómi. Kóńgò méjì ni wọ́n ń rà lọ́sẹ̀, inú agolo bísíkíìtì kan ni wọ́n sì ń dà á sí nílé. Kóńgò méjì máa ń kún un dé etí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n gbé agolo náà wá. Wọn kò pariwo. Wọ́n gbé e kalẹ̀ níwájú ìyá bàbá rẹ, wọ́n ní, "Ẹ bá mi wò ó. Ṣé agolo mi ló ń dàgbà ni, àbí gààrí yín ló ń rù?"

Ìyá bàbá rẹ mú kóńgò, wọ́n ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Mo rí ibi tí ìka wọn ti dúró. Wọ́n wò mí lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n wá kọjú sí Ìyá Olómi, wọ́n rẹ́rìn-ín: "Háà, ẹ má bínú. Èmi ni mo jẹ́ kí ó jábọ́ lórí àpáta. Ojú mi ló ń di bàìbàì, n kò tètè rí i." Wọ́n gba ẹ̀bi mi sórí. Wọ́n bu gààrí sínú agolo náà títí ó fi ń dà sílẹ̀.

Wọn kò bú mi. Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni títí wọ́n fi lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n da erùpẹ̀ sínú kóńgò náà, wọ́n gún ẹ̀ka ewúro kan sí i, wọ́n gbé e sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí mo ti ń fọ aṣọ. Ewúro yẹn hù. Nígbàkígbà tí a bá fẹ́ se ọbẹ̀, wọ́n á ní, "Ìyàwó, lọ já ewúro díẹ̀ wá nínú kóńgò rẹ." Kóńgò rẹ! Ìyà tí wọ́n fi jẹ mí kò ju ìyẹn lọ, ó sì tó mi títí di òní.

N kò mọ ìyá ọkọ tìrẹ tó bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé wọn kò ní irú inú yẹn. Ṣùgbọ́n èmi tí mo fi ìdí kóńgò jalè, mo rí ìyá tó bò mí láṣìírí. Ìwọ tí o kò jí nǹkan kan, fún wọn láyè díẹ̀ kí o tó pè wọ́n ní ọ̀tá.

Èkejì: má sì rò pé síkéèlì kò lè purọ́.

Ní oṣù tó kọjá, olùkọ́ ìṣirò wa, ọ̀dọ́mọkùnrin tó jẹ́ onísùúrù, béèrè lọ́wọ́ kíláàsì pé èwo ló yẹ ká máa fi wọn oúnjẹ ní ìlú wa, kílò tàbí kóńgò? Kíláàsì gbóná. Ọmọkùnrin kan dìde: "Sà, kóńgò ni wọ́n fi ń rẹ́ wa jẹ. Kóńgò Ìyànà Ìbà ga, ti Okokomaiko sanra, bíi tẹ̀gbọ́n tàbúrò!"

Ọmọbìnrin kan fèsì lẹ́yìn: "Ìwọ tó jẹ́ pé gààrí rúmeètì rẹ lò ń mu láti sáà tó kọjá, kí lo mọ̀ nínú kóńgò?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀: "Sà, pẹ̀lú bí nǹkan ṣe le yìí, ta ló ń ra odindi kílò? Dẹ́rìkà kan ni màmá mi ń rà. Agolo tòmátò ló mọ ìwọ̀n àpò wa."

"Kí wọ́n ra gíráàmù nígbà yẹn!"

"Lọ bá ìyá ẹlẹ́wà pé kí wọ́n wọn igba gíráàmù fún ọ. Ìwọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ wọ̀n!"

Olùkọ́ wá yíjú sí mi. "Mọ́mì, ẹ̀yin tí ẹ ti tajà rí, kí lẹ rí sí i?" Gbogbo ojú wá sára mi. Ọmọ ọlọ, agolo bísíkíìtì, ewúro, gbogbo rẹ̀ padà wá sí mi lọ́kàn. Mo ní, "Mò ń gbọ́ wọn, sà." Mo ti fi ogún ọdún tajà, gbogbo ohun tí mo rí sọ nìyẹn.

Ó ní ká wọ̀n ọ́n kí a lè mọ òótọ́. Wọ́n gbé síkéèlì alábẹ́rẹ́ sórí tábìlì, wọ́n kó oríṣiríṣi kóńgò jọ. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé nǹkan kan lé e, mo rí i pé abẹ́rẹ́ náà kò sí lórí òdo. Ó ti kọjá rẹ̀ díẹ̀. Mo ní kí n sọ̀rọ̀. Mo tún ní, ta ni èmi? Wọ́n wọ̀n, wọ́n kọ, pátákó kún dí. Ìgbà tí olùkọ́ gbé kóńgò tó kẹ́yìn kúrò ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí abẹ́rẹ́ náà. "Yéè! Kò bẹ̀rẹ̀ láti òdo!" Wọ́n nu gbogbo rẹ̀ kúrò. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ṣòfò nítorí ìtìjú mi.

Bí a ṣe ń jáde, ọmọbìnrin tó fi gààrí rúmeètì bú ọmọkùnrin yẹn wá bá mi. Ráfíátù nìyẹn. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ti rí i tipẹ́, àbí? Ojú yín ni mò ń wò. Kò kúrò lára abẹ́rẹ́ yẹn."

Mo ní, "Ojú ló tì mí."

Ó ní, "Mà á máa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Bí ẹ bá ti rí nǹkan, ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. Èmi ò nítìjú rárá, mà á bá yín pariwo ẹ̀."

Òun nìkan ni ẹni tí mo ní níhìn-ín, ó sì ń lọ sílé lọ́la.

Wàyí o, gbọ́ ohun tí mo fẹ́ fà yọ. Kọ́lápọ̀ dákẹ́, o sì rò pé ó gbè sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ẹni tó dákẹ́ lè ti rí abẹ́rẹ́. Ó lè jẹ́ pé ojú ló ń tì í, pé kò mọ bí ọmọ ṣe ń sọ fún ìyá pé ó ṣì í ṣe. Má ṣe fi ìbínú bi í léèrè níwájú wọn. Lọ jókòó tì í nígbà tó bá ń jẹun. Sọ fún un pé kí ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún ọ.

Ẹ̀kẹta: mọ ohun tí wọ́n ń jà fún gan-an.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, kóńgò kan ni mo ń rà. Ó di ìdajì kóńgò. Ní báyìí, dẹ́rìkà ni. Ṣọ́ọ̀bù kan wà nítòsí wa níhìn-ín tí wọ́n ń fi síkéèlì tajà. Ó mọ́ tónítóní. Ìwọ ni wàá bu ọjà fúnra rẹ, ẹ̀rọ á sọ iye rẹ̀, wàá sanwó, ó tán. Mo rà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò yàn mí jẹ. Ṣùgbọ́n ìgbà kejì tí mo délé, mo rí i pé mo ti lọ sọ́jà, mo ti bọ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ohùn mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rìn kọjá ṣọ́ọ̀bù yẹn, tí mò ń lọ bá obìnrin Ègùn kan tó ń ta gààrí ní Okokomaiko. Ìyá Sẹ̀nà ni wọ́n ń pè é.

Mo máa ń sọ pé, "Ẹ fi èènì sí i."

"Èènì bíi ti báwo? Dẹ́rìkà kan lẹ rà, ẹ wá ń béèrè èènì bí ẹni tó ra àpò!"

"Ẹ wo ojú mi."

"Mo ti wò ó, Mọ́mì. Ojú yín ò ṣeé rẹ sómi mu." Síbẹ̀ ó ti ń ti ọwọ́ bọ inú gààrí. "Ẹ gbà. Ti ìwé tí ẹ ń kà nìyí. Lọ́jọ́ tí ẹ bá di ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ má wa mọ́tò ta ẹrẹ̀ sí gààrí mi o!"

Ẹ̀kún ọwọ́ kan ni. Kò tó gààrí ẹnu ọmọdé. Ṣùgbọ́n mo máa ń gbé ọ̀rọ̀ yẹn délé, mo sì máa ń rẹ́rìn-ín sí i ní èmi nìkan.

Kílò kò mọ èènì, Àbẹ̀kẹ́. Ó mọ iye, ó dúró síbẹ̀. Ẹni tí gbogbo nǹkan ti gbówó lórí mọ́ lọ́wọ́, tó ti ń padà láti orí kóńgò sí dẹ́rìkà, èènì nìkan ni ohun tó kù tó lè fi ẹnu rẹ̀ gbà lọ́jà. Ibẹ̀ ni ọjà ti ń sọ fún un pé, "A mọ̀ ọ́." Mo rò pé ohun tí ìyá ọkọ rẹ ń bẹ̀rù pé ó ń lọ nìyẹn. Agolo lásán kọ́. Àwọn oníbàárà tó ń sá yẹn, wọn kì í sá fún òótọ́ síkéèlì. Ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń sá fún.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Má béèrè síkéèlì lọ́wọ́ wọn. Lọ bá wọn láàárọ̀, sọ pé, "Màmá, ẹ bá mi wọn kóńgò kan bí ẹ ṣe máa ń wọ̀n ọ́n fún oníbàárà yín tó dáa jù, kí n mọ bó ṣe tẹ̀wọ̀n tó." Wọ́n á ní kí ni o fẹ́ fi wọ̀n ọ́n. Wàá rẹ́rìn-ín, wàá wo òkè kọ́bọ́ọ̀dù. Bí wọ́n bá gbé e sọ̀ fúnra wọn, o ti ṣẹ́gun láìjà. Rí i dájú pé abẹ́rẹ́ síkéèlì wà lórí òdo kí ẹ tó gbé nǹkan lé e. Iye tí kóńgò wọn bá tẹ̀wọ̀n ni kí ẹ fi ṣe òdiwọ̀n yín. Síkéèlì ni kí o máa fi wọ̀n, kí wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, kí ọwọ́ wọn sì máa fi èènì lé e lójú oníbàárà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọjà náà ṣì nílò ọwọ́ wọn. Bóyá ohun tí wọ́n gbé pamọ́ sókè yẹn, ẹ̀rù pé o kò nílò wọn mọ́ ni.

N kò mọ iye tí mo kà dé mọ́, ẹ̀kẹrin ni àbí ẹ̀karùn-ún. Èyí ni mo ti ń sá fún láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo fẹ́ kí o wá.

Lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ohùn rẹ, mo délé, mo gbá yàrá. Apá kejì ibùsùn mi, àpò ìwé ni mo máa ń gbé sí i kí ó má baà ṣófo. Mo ti gbé e kúrò kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo ti rí ọ níbẹ̀. Mo ti gbọ́ ẹ̀rín àwa méjèèjì, mo ní kí àwọn tó wà lẹ́yìn ògiri náà gbọ́ tiwa. Mo tilẹ̀ ti ń ṣa ọ̀rọ̀ jọ sí ìyá ọkọ rẹ: pé èmi ni mo ra síkéèlì yẹn ní Àlàbá fún ìgbéyàwó rẹ, pé ẹ̀bùn mi ni wọ́n gbé sókè, pé èmi gan-an ni wọ́n rí fín. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mọ́ mi lẹ́nu. Ìgbà náà ni mo rántí ọmọ ọlọ.

Bí mo bá sọ fún ọ lónìí pé "máa bọ̀", yóò jọ ìmọ̀ràn ìyá bí o bá wò ó lókè. Orí rẹ̀ á ṣe ṣóńṣó. Ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ti wọ inú, ìdáwà mi ni mo fi lù ú. Ìwọ kò ní mọ̀. Èmi á mọ̀, a ó sì fi ọdún púpọ̀ já ewúro nínú rẹ̀.

Dúró, ọmọ mi. Gbìyànjú ohun tí mo sọ yìí títí oṣù tó ń bọ̀ yóò fi parí. Àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọwọ́ sókè sí ọ, tàbí tí wọ́n bá fi oúnjẹ dù ọ́, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n mọ́. Má ṣe tún ìwé yìí kà. Wọ ọkọ̀.

Kí Ọlọ́run tó mọ ìwọ̀n ẹkún wa má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rín wa kéré.

Èmi tí mo bí ọ, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń wọn nǹkan,
Ìyá rẹ.

Èènì: Mo ti gbé àpò ìwé náà padà sí apá kejì ibùsùn. Kò wúwo. Ọwọ́ kan ni mo fi ń gbé e.